Kò Fọ́, Ṣùgbọ́n Ó Ti Bó

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ohun-èlò ni: ohun-èlò tí wọ́n fi òwú àti oje ṣe, bó ṣe ń gba ìkọlù, àti ìdí tí èyí tí wọ́n fi aṣọ tirikó ṣe fi ń fara da ìkọlù ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Ẹ má sọ pé, "Kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè níbẹ̀?" Ó kàn wá. Àṣìṣe tiwa gan-an ló kọ́ wa pé ó kàn wá.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹgbẹ́ kan tó ń la aráàlú lọ́yẹ̀ nípa ewu ojú títì gbé ìwé pélébé kan wá bá wa. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n sì ní kí a túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn tó ń wa zemidjan. Ìwé náà kò gùn. Akoto, èyí tí gbogbo wa ń pè ní kásìkì, ló dá lé lórí: kí a yan èyí tó bá orí mu, kí a so okùn rẹ̀ dáadáa lábẹ́ àgbọ̀n, kí a sì pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn choc tó bá lágbára. Àwa mẹ́rin jókòó, a parí iṣẹ́ náà lóru ọjọ́ kan, inú wa sì dùn sí i. Bí a ṣe túmọ̀ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn nìyí: "Bí akoto yín bá fọ́ nínú jàǹbá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀."

Nígbà tí a ń pín ìwé náà ní Àjàṣẹ́, bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ zemidjan gbà á, ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó sì bọ́ akoto orí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ ṣeun. Mo ṣubú lọ́dún tó kọjá. Orí ni mo fi gbá ilẹ̀. Akoto yìí ló gbà mí là. Mo yẹ̀ ẹ́ wò tọkàntọkàn, kò fọ́. Mo dúpẹ́ pé ìwé yín ní kò sí nǹkan."

A wo akoto náà. Lóòótọ́, kò fọ́. A sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Bàbá dé e padà, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ wà pẹ̀lú wa lọ́jọ́ náà. Ó fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ta ló sọ fún yín pé ó gbọ́dọ̀ fọ́? Ìwé Faransé kò sọ pé kó fọ́. Choc ni ó sọ. Ohun tí choc ń ṣe kì í fi gbogbo ìgbà hàn sí ojú." Àánú ara wa ṣe wá. A ti fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo sọ fún bàbá ènìyàn pé akoto tí kò lè gbà á là mọ́ ṣì lè gbà á là.

Kí ni ìkọlù ń ṣe sí ohun-èlò?

Ọ̀rẹ́ wa jókòó tì wá, ó là á yé wa. Akoto alùpùpù ní ara méjì tó ṣe kókó. Èyí tó wà nínú ni fọ́ọ̀mù funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń ti tẹlifíṣọ̀n nínú páálí kó má baà gbá ara rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tẹ̀ nígbà tí orí bá gbá nǹkan, kó lè gba agbára ìkọlù náà sára. Bó bá ti tẹ̀, ó ti tẹ̀ nìyẹn; kò ní wú padà bí kànìnkànìn. Ẹ̀ẹ̀kan ló mọ.

Èyí tó wà lóde ni èèpo líle. Ike lásán ni wọ́n fi ṣe ti àwọn kan. Ti àwọn mìíràn jẹ́ àdàlú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti jẹ àdàlú mọ̀ pé ẹ̀wà inú rẹ̀ kò di àgbàdo, àgbàdo kò sì di ẹ̀wà. Kálukú wà láyè ara rẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ kan ni wọ́n jọ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ohun-èlò yìí rí. Òwú ni apá kan, oje tó ń gan ni apá kejì. Òwú náà lè jẹ́ ti dígí tí wọ́n fà títí kò fi nípọn tó irun orí. Ó lè jẹ́ ti kábọ́nù. Ó sì lè jẹ́ Kevlar, èyí tí Stephanie Kwolek ṣe àwárí rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1965. Wọ́n á fi òwú náà ṣe aṣọ, wọ́n á to aṣọ náà lé ara wọn ní ìpele-ìpele, wọ́n á da oje sí i, oje á sì gan. Òwú ló ń gbé ẹrù. Oje ló ń di òwú mú kó má baà yẹ̀. Lára ọkọ̀ òfuurufú Boeing 787 tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọdún 2011, irú ohun-èlò bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀.

Wàyí o, kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí nǹkan bá gbá a? Ibí ni etí àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè ti dìde. Ọ̀rẹ́ wa fi èdè Faransé ṣàlàyé, àwa sì ń tú u sí Yorùbá lẹ́sẹẹsẹ. Lákọ̀ọ́kọ́, oje á *sán*, bí ìkòkò tí iná mú ṣe ń sán. Lẹ́yìn náà, àwọn ìpele á *bó* kúrò lára ara wọn nínú lọ́hùn-ún, bí ọ̀dà ṣe ń bó lára ògiri. Bí ìkọlù náà bá lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, òwú á bẹ̀rẹ̀ sí í *já*. Bó bá lágbára jù gbogbo rẹ̀ lọ, ohun tó gbá a á *lu* ú já sí òdì kejì.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará: sán, bó, já, lu. Mẹ́rin ni, kò sì sí fọ́ nínú wọn. Ohun tó burú jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni èkejì, nítorí pé òun ló ń fara pamọ́. Bí òòlù bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe, tó sì já lé apá ọkọ̀ náà, ojú lè má rí ju àmì kékeré kan lọ, nígbà tí àwọn ìpele inú ti bó jìnnà ju ibi tí àmì náà wà lọ. Irú ìpele tó ti bó bẹ́ẹ̀ ṣì lè fara da kí a fà á, ṣùgbọ́n bí a bá tì í láti ìpẹ̀kun méjèèjì, kíá ló máa tẹ̀ kọrọdọ, nítorí pé kò sí ẹni tó di òun àti ẹnìkejì rẹ̀ mú mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi máa ń ju irin lé pátákó àdàlú láti òkè, tí wọ́n á sì tún tì í láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun lẹ́yìn náà, kí wọ́n lè mọ agbára tó ṣẹ́kù sára rẹ̀. Wọn kì í béèrè pé, "Ṣé ó fọ́?" Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, "Èló ló kù?"

A padà lọ wá bàbá náà ní ọ̀sẹ̀ kejì. A bá a. A dọ̀bálẹ̀, a bẹ̀ ẹ́, a sì ṣàlàyé. Kò jẹ́ kí a parí ọ̀rọ̀ tó fi dáhùn. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, kò fọ́, ṣùgbọ́n ó ti bó nínú. Kí ló dé tí ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?"

Ìdí nìyí tí a fi fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe àkọlé.

Líle kò jọ yíyi

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó tó fún irú ìmọ̀ yìí. A ti gbọ́ ọ nínú kíláàsì, a ti gbọ́ ọ nílé, àwa náà sì ti sọ ọ́ rí. Ẹ jẹ́ kí a wò ó bóyá òótọ́ ni.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn pé kí wọ́n má ṣe da nǹkan méjì pọ̀: ohun tí kò rọrùn láti tẹ̀, àti ohun tí kò rọrùn láti pa run. Dígí kò rọrùn láti tẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọdé lè fi òkúta kan ṣoṣo pa á run. Awọ màlúù rọrùn láti tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wá òkúta tó máa pa á run. Ìyá wa tó ń se ọbẹ̀ kò nílò ìkìlọ̀ yìí. Bó bá fi ọwọ́ kan egungun, á ní ó *le*. Bó bá fi eyín fa ẹran màlúù àgbà, á ní ó *yi*. Kò jẹ́ ṣi wọ́n pè. Dígí le, kò yi. Awọ yi, kò le. Irin le, ó sì tún yi. Ohun tí wọ́n ń wá nínú akoto ni kó yi.

Bí a ṣe ń wọn yíyi pàápàá kò ṣòro láti sọ. Ní ọdún 1901, Georges Charpy, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé, gbé ọ̀nà ìdánwò kan kalẹ̀ tí wọ́n ṣì ń lò títí dòní. Wọ́n á gbé òòlù ńlá kan kọ́ sókè, wọ́n á jọ̀wọ́ rẹ̀ kó fì wálẹ̀, kó gbá ohun-èlò tí wọ́n fẹ́ dán wò, kó sì fì lọ sí òdì kejì. Bí kò bá sí nǹkan lọ́nà rẹ̀, ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn dé ní òdì kejì. Bí ohun-èlò bá wà lọ́nà, kò ní gùn tó bẹ́ẹ̀. Agbára tó dín kù ni ohun-èlò náà ti jẹ. Ohun tó bá jẹ agbára púpọ̀ kó tó já ni a ń sọ pé ó yi. Ẹ kò rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ àjèjì kankan nínú àlàyé yìí àfi orúkọ ọkùnrin náà?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há wa lọ́fun

A kì í ṣe ẹni tó ń yin ilé tirẹ̀ láìwo òrùlé tó ń jò. Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ ti há wa lọ́fun. Ọ̀rẹ́ wa sọ fún wa pé àwọn kan ti ń fi aṣọ tirikó ṣe àdàlú dípò aṣọ tí a fi òfì hun, àti pé irú àdàlú bẹ́ẹ̀ kì í tètè bó. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé "àdàlú aṣọ híhun". A kọ ti òfì náà sílẹ̀ pé "àdàlú aṣọ híhun". Ó wo ìwé wa, ó ní, "Èwo ni èwo?" A kò rí ìdáhùn.

Ohun tó fà á ni pé Yorùbá fi *hun* bo nǹkan púpọ̀. A ń hun aṣọ, a ń hun ẹní, a ń hun agbọ̀n. Nígbà tí abẹ́rẹ́ tirikó dé, a fà á wọ inú ilé kan náà. Lójú aṣọ òtútù ọmọ ọwọ́, kò burú. Lójú ìkọlù, ó burú, nítorí pé ìyàtọ̀ méjèèjì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ wo aṣọ òfì. Òwú kan nà gbọọrọ, òwú kejì dábùú rẹ̀, ó gba orí ọ̀kan, ó gba abẹ́ ìkejì. Ọ̀kọ̀ ń lọ, ọ̀kọ̀ ń bọ̀. Ẹ fà á, kò ní nà. Ẹ wá wo ìbọ̀sẹ̀. Kò sí òwú tó nà gbọọrọ nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ fa òwú, ó fi ṣe *ojóbó*. Ó fa ojóbó mìíràn gba inú ti àkọ́kọ́ jáde. Ó fa ẹ̀kẹta gba inú ìkejì. Òwú kan ṣoṣo lè di odidi ìbọ̀sẹ̀ báyìí. Iṣẹ́ ọwọ́ ni tẹ́lẹ̀, kí William Lee ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣe é ní ọdún 1589. Ẹ fa ìbọ̀sẹ̀, á nà, nítorí pé àwọn ojóbó náà ń yí ara wọn padà láti tẹ̀lé ọwọ́ tó ń fà wọ́n.

Ojóbó yìí ló ń ṣiṣẹ́ nínú àdàlú. Aṣọ olójóbó kì í tẹ́ pẹrẹsẹ bí bébà. Bí a bá to ìpele rẹ̀ lé ara wọn, ojóbó ìpele kan máa ń rì sínú àlàfo ìpele kejì kí oje tó gan. Nígbà tí ìkọlù bá dé, tí ìpele bá fẹ́ bó, kò rí ọ̀nà tó tẹ́jú láti gbà. Ó ní láti gun òkè, kó sọ̀ kalẹ̀, kó yí ojóbó kan po kó tó kan èkejì, òwú tó há sáàárín sì ń di ìpele méjèèjì mú bí ẹni di ẹnu àpò mú. Èkejì ni pé òwú tó tẹ̀ kọrọdọ ní àyè láti nà díẹ̀ kó tó já. Gbogbo nínà yẹn, gbogbo fífà tí òwú ń fà yọ nínú oje yẹn, agbára ìkọlù ni wọ́n ń jẹ. Ní ọdún 1993, Ramakrishna àti Hull tẹ iṣẹ́ jáde lórí ọ̀pá oníhò tí wọ́n fi aṣọ tirikó kábọ́nù àti oje ṣe, láti mọ bó ṣe ń jẹ agbára bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ rún láti orí. Ní ọdún 2000, Leong, Ramakrishna àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kó ohun tí a ti mọ̀ nípa irú àdàlú bẹ́ẹ̀ jọ sójú kan, àti rere rẹ̀ àti àléébù rẹ̀.

Àléébù wà, a kò ní fi pamọ́. Òwú tó nà gbọọrọ ló ń gbé ẹrù jù; èyí tó tẹ̀ bí ojóbó kò lè gbé tó o. Nítorí náà, àdàlú olójóbó kì í le tó ti òfì, agbára rẹ̀ kì í sì í tó tirẹ̀ bí a bá fà á ní títẹ́. Òwú dígí àti ti kábọ́nù sì tún máa ń já díẹ̀díẹ̀ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń tẹ̀ wọ́n. Ẹni tó fẹ́ ṣe apá ọkọ̀ òfuurufú kò ní sáré gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ mú igbá kan, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ fi aṣọ òfì bò ó: á ká, á wé, ẹ ó ní láti gé e. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ ńlá bò ó: á lẹ̀ mọ́ ọn láìká. Orí ènìyàn jọ igbá. Ohun tó bá rí roboto, tí a sì fẹ́ kó yi ju kó le lọ, ibẹ̀ ni olójóbó ti wúlò.

Ẹ̀yin náà ẹ rí i: ẹni tó bá pe méjèèjì ní híhun kò lè sọ gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí. Kì í ṣe pé Yorùbá kò lè sọ ọ́. Àwa la kò wò ó kí a tó sọ ọ́. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ẹ yá orúkọ, ẹ má yá ọ̀rọ̀-ìṣe

A jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí láàárín ara wa. Ẹnìkan nínú wa ní kí a máa pè é ní tirikó bí gbogbo aránṣọ ṣe ń pè é, kí a má fi ọ̀rọ̀ tuntun yọ aráàlú lẹ́nu. Ẹlòmíràn ní rárá, olójóbó ló yẹ, nítorí pé ọmọ ọdẹ tó ti dẹ okùn rí á mọ ohun tí ojóbó jẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un. Ẹnìkẹta ní kí a kúkú fi híhun sílẹ̀ bó ṣe wà, kí a fi "ti abẹ́rẹ́" àti "ti òfì" ya wọ́n sọ́tọ̀.

Ibi tí a fẹnu kò sí nìyí, èrò wa sì ni. Ọ̀rọ̀-orúkọ kò jẹ́ kó ká wa lára. A ń sọ fóníìmù àti mófíìmù lójoojúmọ́ nínú kíláàsì, kò sí ẹni tí ó bà nínú jẹ́. Kásìkì kò pa ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè é ní tirikó. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè é ní olójóbó, èyí tí àwa fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe ni ibi tí ìmọ̀ ń gbé. Fọ́ ló ṣì wá lọ́nà, bó ló là wá lójú. Orúkọ ń sọ ohun tí nǹkan jẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe ń sọ ohun tó ń ṣe àti ohun tí a lè ṣe sí i. Bí ẹni tó ń túmọ̀ bá ṣi orúkọ yá, òǹkàwé á béèrè pé kí ni èyí. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀-ìṣe lò, òǹkàwé kò ní béèrè nǹkan kan. Á rò pé òun ti gbọ́ ọ yé, á dé akoto rẹ̀, á gun alùpùpù lọ.

Àwọn kan á sọ pé ta ló ń fi òwú kábọ́nù ṣe tirikó ní Kétu tí a fi ń dá ara wa láàmú. Ìdáhùn wa ni pé a kò tíì rí i ní Kétu, ṣùgbọ́n akoto wà ní Kétu, orí sì wà nínú akoto. Ohun tí a kò ṣe nílé wa lè wà lára wa. Àwọn mìíràn á sọ pé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni. Wọ́n ti ṣe tiwọn. Ọ̀rẹ́ wa mọ ohun tí choc ń ṣe, kò mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ fún bàbá náà; àwa mọ bí a ṣe ń sọ ọ́, a kò mọ ohun tó ń ṣe. Àárín àwa méjèèjì ni ewu ti wọlé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

A kò sì ní bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti ọdún 1970, Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì sì wà nínú rẹ̀. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní ọdún 1984, tí Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní ọdún 1990, ti fún àwa tó ń kọ́ èdè ní ohun tí a fi ń sọ iṣẹ́ tiwa. Ó kù kí a fún àwọn ẹlòmíràn ní tiwọn.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín sí

Ohun mẹ́ta ni. Èkíní, ẹni tó bá máa lọ sí ilé ní ìsinmi tó ń bọ̀, kó mú ìwé kékeré dání. Kó jókòó ti ahunṣọ, ti amọ̀kòkò, ti gbẹ́nàgbẹ́nà, ti ẹni tó ń tún alùpùpù ṣe, kó sì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Báwo ni èyí ṣe máa ń bàjẹ́?" Kó kọ ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n bá lò sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní ẹ̀ka-èdè tiwọn, láìtún un ṣe. Sán, bó, já, ya, là, ṣẹ́, lu, tẹ̀, fọ́: mẹ́sàn-án nìyẹn tí a ti ní lọ́wọ́. Ó dá wa lójú pé Ṣàbẹ́ ní tirẹ̀, Ìdááṣà ní tirẹ̀, Ifẹ̀ ti Tógò náà ní tirẹ̀.

Èkejì, kí a má ṣe túmọ̀ ohun tí kò yé wa. Kò sí ìtìjú nínú kí a pe ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ọmọ ìmọ̀ ìṣègùn kó wá jókòó tì wá kí a tó mú kálámù. Ìtìjú tó wà ni kí a sọ pé "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá" nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a ka iṣẹ́ wa sí etí ẹni tó máa lò ó kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ká ní a ti ka gbólóhùn kan yẹn sí etí awakọ̀ kan ṣoṣo, kí a sì bi í pé, "Kí lẹ máa ṣe bí ẹ bá gbọ́ èyí?", à bá ti mọ̀ lọ́jọ́ náà.

A ti tún gbólóhùn náà kọ. Bó ṣe rí nísinsìnyí nìyí: "Bí akoto bá ti fi agbára gbá nǹkan pẹ́nrẹ́n, inú rẹ̀ lè ti bó tàbí kó ti tẹ̀, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Kò yi mọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀." Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. A kà á fún bàbá náà. Ó gbọ́ ọ, ó mi orí, ó wá bi wá pé èló ni akoto tuntun.

Ìbéèrè yẹn kọjá agbára gírámà. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ìbéèrè tó yẹ kó béèrè ni ó béèrè.

Ẹni tó bá ní èrò tó yàtọ̀ sí tiwa nípa tirikó àti olójóbó, àyè wà fún un lójú ewé yìí. Kó kọ ọ́ wá, a ó kà á, a ó sì dá a lóhùn. Ire o.